Ojú Ihò Kékeré Tó Wà Lọ́wọ́ Aláìsàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìròyìn ló ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n yí i padà. Ìdí ni pé ìpàdé òní yìí náà la fẹ́ pinnu ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ wa yóò fún wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn ìlú yìí. Èkejì, owó tí ẹgbẹ́ wa ń ná jù lọ láti ọdún mélòó kan wá, owó ọsibítù àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì ni. À ń san owó oògùn, à ń san owó bẹ́ẹ̀dì, à ń gbé èso lọ kí wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀kan nínú wa tó béèrè ọ̀rọ̀ kinní kékeré kan tí wọ́n máa ń fi pílásítà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Kánúlà ni mo ń wí, rọ́bà tíńtín tí wọ́n ń kì bọ inú iṣan kí dírípù tàbí abẹ́rẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé.

Oníròyìn ni mí, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí máàkì tí mo máa ń gbà nínú Báyọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa ní Pólì ni ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ká kà á, ká sì padà lọ béèrè. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti mátírọ́ọ̀nù pọ̀ láàrin wa níbí, wọn yóò fi kún un nígbà ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Awọ ara wa ni ògiri yẹn. Kòkòrò àìfojúrí kún orí awọ ẹni tó wẹ̀ tónítóní pàápàá, bí wọ́n bá sì wà níta, wọn kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí a bá fi abẹ́rẹ́ lu ògiri náà, tí a tún fi rọ́bà há ihò rẹ̀ kó má baà dí, ọ̀nà ti là tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tó ní ìdọ̀tí lára, ikùn lè bá a jà. Ó lè jẹ́ kó yàgbẹ́, ó lè jẹ́ kó bì. Ohun tó bá gba iṣan wọlé ò bá ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn ló ń lọ, ọkàn ló sì ń tú u ká gbogbo ara.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún kánúlà tí wọ́n ń fi sí ọwọ́ àti apá, wọ́n ní ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bá dá dúró sí ọsibítù tí wọ́n máa nílò rẹ̀ nígbà kan. Ẹ wo iye ògiri tó ń lanu lójúmọ́.

Kí n tó dé orí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹni tó ti Èkó dé tó rẹ̀ ẹ́, a ní kí wọ́n fa omi sí i lára. Ẹni tó sunkún òkú fún ọjọ́ mẹ́ta, a ní kí wọ́n fa omi sí i lára. Bí dókítà bá sọ pé oògùn mímu tó, a ó ní dókítà yìí ò mọṣẹ́, a ó sì kọjá sí kẹ́míìsì tó máa so àpò omi kọ́ ìṣó ara ògiri fún wa. Kí ló wà nínú àpò náà? Èyí tí wọ́n kọ 5% dextrose sí lára, tó jẹ́ lítà kan, gíráàmù 50 ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ìyókù omi ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ṣúgà inú ìgò mínírà onídajì lítà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí kò bì, tí ikùn rẹ̀ gba nǹkan, ó lè mu ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lu ògiri ara rẹ̀.

N kò sọ pé dírípù ò wúlò o. Láti ọdún 1832 ni dókítà ará Scotland kan, Thomas Latta, ti fa omi oníyọ̀ sínú iṣan àwọn tí àrùn onígbáméjì ti gbẹ lómi, àwọn tí wọ́n ti ń kú lọ sì lanu sọ̀rọ̀. Títí dòní, ẹni tó dákú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ọmọ tí omi ara rẹ̀ tán tí kò lè mu mọ́, dírípù ni yóò gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn onígbáméjì náà. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ àwọn tó sá wá sí Bangaon ní Íńdíà. Àpò dírípù ò tó nǹkan mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis wá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ní kí àwọn ará ilé aláìsàn máa fún wọn mu. Nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú tẹ́lẹ̀, ó sì wá sí nǹkan bí 3.6. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti hàn sí ayé.

Nítorí náà, kánúlà tí wọn ò fi sí i rárá ni kò lè kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tí wọ́n tètè yọ.

Àbúrò bàbá mi kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, ọjọ́ kejì ni dírípù tán, oògùn mímu ni wọ́n sì fi rọ́pò abẹ́rẹ́. Kánúlà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn ṣì nílò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, òtútù mú bàbá, eyín ń gbá eyín, ara gbóná bí iná. Gbogbo wa ní ibà ni. Wọ́n pèsè abẹ́rẹ́ ibà, wọ́n sì tún gba ojú kánúlà yẹn kan náà fún un. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó wọṣẹ́ lálẹ́ ló tú pílásítà wò. Ọyún ló rí. Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó pe dókítà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti apá kejì lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá tún lò lórí bẹ́ẹ̀dì, owó tí a ná sí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sì ju owó iṣẹ́ abẹ lọ. Ó wà láàyè, ó ń lọ sóko.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn nọ́ọ̀sì ni mo ń bú. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún aláìsàn tó lé ní 30 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kà wọ́n. Omi ẹ̀rọ ò yọ. Nínú bẹ́sìnnì ìfọwọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yìí ti pẹ́. Ní Vienna, lọ́dún 1847, Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn dókítà ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá sọ́dọ̀ àwọn aboyún. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ó lé ní 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìyá ọmọ tó kú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi oníkiloríìnì fọwọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti bọ́ sí nǹkan bí méjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ gbà, nítorí ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ òun ló ń pa èèyàn? Àwa náà rí i níbí. Nígbà Ebola ní ọdún 2014 àti nígbà Kòrónà ní 2020, ike omi ẹlẹ́nu wà níwájú gbogbo ilé, títí kan ilé ọtí. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn ike yẹn wà lónìí.

Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Bí ìdọ̀tí ò bá hàn lójú ọwọ́, oògùn ìfọwọ́ onísípíríìtì tó, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 títí yóò fi gbẹ. Ìbọ̀wọ́ ò rọ́pò rẹ̀. Mo rí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, tó fi ti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì; ara tirẹ̀ nìkan ni ìbọ̀wọ́ yẹn ń dáàbò bò.

Lẹ́yìn ọwọ́, ojú ara tí wọ́n fẹ́ gún ló kàn. Wọ́n á fi sípíríìtì, tàbí chlorhexidine tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì, nù ún dáadáa, wọ́n á sì dúró kó gbẹ. Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì, àkókò yẹn ni oògùn fi ń pa kòkòrò. Ẹni tó bá nù ún tán, tó tún fi ìka tẹ iṣan wò kó tó gún un, ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ó tún ku ohun kan tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn agolo òwú tí wọ́n ti rẹ sínú sípíríìtì láti àárọ̀, tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀ ọ́ títí di alẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ̀ ọ́ nínú ìlànà wọn lórí abẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ kan tó dọ̀tí lè ba gbogbo agolo náà jẹ́. Òwú gbígbẹ ni kí wọ́n mú, kí wọ́n da sípíríìtì sí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì kà sí ni ẹnu kánúlà, ibi tí wọ́n ti ń ki sírínjì bọ̀ ọ́. Wọ́n ti lè gún un dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ ti kan aṣọ ìbora, ó ti kan irùngbọ̀n, ó ti kan ọbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí i tó kàn fi sírínjì sí i, ó ti ti gbogbo rẹ̀ wọlé nìyẹn. Kí ó fi òwú onísípíríìtì ha ẹnu rẹ̀ dáadáa, tó ìṣẹ́jú àáyá 15, kó gbẹ, kó tó lò ó. Ìdérí tó bá jábọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jù ú nù.

Omi inú àpò náà lè jẹ́ ọ̀nà. Láàrin 1970 sí 1971, ní Amẹ́ríkà, èèyàn 378 ní ilé ìwòsàn 25 ló kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ láti ara ìgò dírípù kan náà. Ìdérí ìgò ni kòkòrò sá pamọ́ sí. Kó wọn kúrò lọ́jà ni wọ́n ṣe kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ wo àpò kí wọ́n tó so ó kọ́. Bí ó bá ń jò, bí omi inú rẹ̀ bá ṣú tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí kánúlà lò? Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó le jù. Tẹ́lẹ̀, wákàtí 72 sí 96 ni wọ́n máa ń pa láṣẹ, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi òmíràn sí ibòmíràn. Ìwádìí ńlá kan láti Australia, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 lórí aláìsàn 3,283, fi hàn pé bí wọ́n bá fi sílẹ̀ títí ó fi nídìí tó yẹ kí wọ́n yọ ọ́, iṣan ò wú ju ti àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ fún lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti tẹ̀ lé ìyẹn, ó sì gba aláìsàn lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi rèé. Ìlànà yẹn wà fún ibi tí ẹnì kan ti ń wo ojú kánúlà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá yí ọwọ́ padà. Níbi tí nọ́ọ̀sì méjì bá wà fún ọgbọ̀n aláìsàn, ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ àti aago sára pílásítà, kí ọjọ́ yẹn sì ní ìtumọ̀. Níbikíbi tó bá sì jẹ́, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó máa wáyé ní gbogbo òwúrọ̀: ṣé a ṣì nílò rẹ̀ lónìí?

Èyí mú mi dé Michigan. Ní ọdún 2006, Peter Pronovost àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Johns Hopkins tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le koko, 103 ni wọ́ọ̀dù náà. Rọ́bà gígùn tí wọ́n ń gba ọrùn, àyà tàbí itan kì sínú iṣan ńlá ni tiwọn, ìyẹn sì léwu ju ti ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Ohun márùn-ún ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa ṣe: kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n fi chlorhexidine nu ara, kí dókítà wọ aṣọ, fìlà, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ tó mọ́, kí wọ́n sì bo aláìsàn náà, kí wọ́n yẹra fún itan, kí wọ́n yọ rọ́bà tí wọn ò nílò mọ́. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nínú 1,000 ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára àwọn aláìsàn, ìpíndọ́gba àkóràn jẹ́ 7.7. Lẹ́yìn oṣù 16 sí 18, ó ti di 1.4.

Ohun tó mú èmi oníròyìn lọ́kàn níbẹ̀ ni pé wọ́n fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti dá dókítà dúró bí ó bá fo ọ̀kan nínú márùn-ún náà, àyàfi bí ẹ̀mí bá ń bọ́ lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ronú rẹ̀ wò ní ilẹ̀ wa níbí. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, kó sọ fún ọ̀gá àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì fọwọ́." Wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àwa náà kò yàtọ̀, à ń bẹ̀rù láti béèrè, a rò pé wọn á fi aláìsàn wa ṣe ẹ̀san. Bẹ́ẹ̀ ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá tó bá sọ níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n dá òun dúró bí òun bá gbàgbé, ìyẹn ló ń ṣí ẹnu ọmọdé. Àwọn dókítà tó wà láàrin wa, ọ̀dọ̀ yín ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa, àwa tí à ń lọ kí aláìsàn, ẹ kíyè sí ọwọ́ náà. Bí ó bá ń dun ẹni náà, bí ó bá wú, bí iṣan bá le gbandi bí okùn, bí ó bá gbóná ju apá kejì lọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń ní kí a wo bóyá ó pọ́n. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín tó mọ́ kàn án. Bí òtútù bá mú un kété tí dírípù bẹ̀rẹ̀ sí sàn, ẹ má sọ pé ibà ni kí ẹ sì jókòó. Ẹ má fi ọ̀rá gbígbóná pa á. Ẹ má tú dírípù fúnra yín nítorí kó lè lọ ilé ìwẹ̀. Bí pílásítà bá tutù tàbí tó ń ṣí, ẹ sọ ọ́. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé bàbá ṣì nílò èyí?" Mo ti béèrè bẹ́ẹ̀ níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n yọ ọ́ kí n tó jókòó. Níbi kejì, wọ́n ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kó wà. Kò sí ẹni tó bínú.

Alága, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn wa ló kù. Ìgbìmọ̀ ti dá àbá tẹlifíṣọ̀n ńlá àti àga tí a ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ tako ó. Ẹ jẹ́ ká gbé táńkì omi kalẹ̀, ká fa ẹ̀rọ omi méjì wọ inú wọ́ọ̀dù náà, ká pèsè ọṣẹ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń po oògùn ìfọwọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́: sípíríìtì ethanol, hydrogen peroxide díẹ̀, glycerol díẹ̀ kí ọwọ́ má baà gbẹ, àti omi tí wọ́n sè tó ti tutù. Apoògùn ilé ìwòsàn náà lè pò ó bí a bá ra èròjà rẹ̀ fún ọdún kan. Ká fi pílásítà tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara kún un, èyí tí nọ́ọ̀sì lè gbà rí ojú kánúlà láì tú u. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kọ ọ́ sára táńkì, ó tóbi tó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti tẹ́ tábìlì kan sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n gbé kánúlà, òwú àti sípíríìtì wá, wọn yóò fi han ẹni tó bá fẹ́ rí i lẹ́yìn oúnjẹ. Omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó bu àmàlà, ẹ gba ibẹ̀ kọjá.